KÈRÉKÈRÉ ORÚNKÚN ÀTI ÀWỌ̀N TÍ OJÚ LÁSÁN KÒ LÈ RÍ: ÌMỌ̀ NÁNÒ NÍNÚ ÀTÚNṢE ORÍKÈÉ ARA

1. Ìfáàrà

Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Àgọ́-Ìwòyè, àti ní àwọn ìletò etí ọ̀sà tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, iṣẹ́ tí ó gba agbára ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń jẹun. Àgbẹ̀ ń ro oko kòkó àti oko obì. Agégẹdú ń yí ìtì igi. Àwọn obìnrin ń ru ẹrù láti oko dé ọjà. Apẹja ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti ìdájí, ó ń fa àwọ̀n. Bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ti pẹ́ lára, orúnkún ẹlòmíràn a bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Yóò máa wú, yóò máa dún bí igi gbígbẹ tí a ń ṣẹ́, kò sì ní í fẹ́ ká mọ́. Aromọléegun ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ àìsàn náà sí. Ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí obìnrin ti ń kúnlẹ̀ kí àgbà, tí ìdọ̀bálẹ̀ ọkùnrin sì jẹ́ ẹ̀rí ẹ̀kọ́ ilé, orúnkún tí kò ṣeé ká kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrora nìkan. Ó ń já ènìyàn kúrò nínú ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe.

Àìsàn náà kò sì ṣọ̀wọ́n. Nínú ìwádìí kan tí a ṣe láàárín àwọn ará Igbó-Ọrà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí a sì tẹ̀ jáde ní ọdún 2009, nǹkan bí ẹnì kan nínú àgbàlagbà márùn-ún tí ó ti tó ẹni ogójì ọdún ni ó ní àìsàn orúnkún yìí. Iṣẹ́ oko àti ẹrù rírù tí ó wà ní Igbó-Ọrà náà ni ó wà ní agbègbè Ìjẹ̀bú.

Ìbéèrè mẹ́ta ni àpilẹ̀kọ yìí yóò gbìyànjú láti dáhùn. Èkíní ni ìdí tí kèrékèré orúnkún kì í fi í tún ara rẹ̀ ṣe bí ó bá ti jẹ. Èkejì ni ohun tí ìmọ̀ nánò lè ṣe sí i. Ẹ̀kẹta ni bí ìkarahun akàn tí a ń dà nù ní etí ọ̀sà, àti lẹ́búlẹ́bú igi tí ó ń ga bí òkìtì ní ìdí ayùn ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ṣe kan ọ̀rọ̀ náà.

2. Kèrékèré àti ìdí tí ọgbẹ́ rẹ̀ kì í fi í jinná

Kèrékèré ni egungun rírọ̀. Òun ni ó mú kí etí dúró ṣánṣán kí ó sì ṣeé tẹ̀. Òun ni ó wà ní ṣóńṣó imú. Èyí tí ó kan oríkèé ara ni èyí tí ó bo orí egungun níbi tí egungun méjì gbé pàdé. Ẹni tí ó bá ti jẹ itan adìẹ yóò ti rí i: ohun funfun kan tí ó ń dán, tí ó sì ń yọ̀, tí ó lẹ̀ mọ́ orí egungun typẹ́típẹ́. Nínú orúnkún ènìyàn, nínípọn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 2 sí 4 lọ. Síbẹ̀ òun ni ó ń gba ìwúwo ara mọ́ra ní gbogbo ìgbà tí a bá gbé ẹsẹ̀.

Bí a bá wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀, omi ni ó pọ̀ jù, láti nǹkan bí ìdá 65 dé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Omi náà kò ṣàn jáde nítorí pé àwọn fọ́nrán tín-tìn-tín kan, tí a ń pè ní kọ́lájíìnì, hun ara wọn pọ̀ bí àwọ̀n. Láàárín ojú àwọ̀n náà ni àwọn èròjà kan wà tí wọ́n ń fa omi mọ́ra bí kànrìnkàn. Bí a bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, díẹ̀ nínú omi náà a fún jáde. Bí a bá gbé ẹsẹ̀ sókè, a tún padà wọlé. Ọ̀nà yìí ni oúnjẹ fi ń dé ọ̀dọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbé inú kèrékèré, nítorí pé kò sí iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan níbẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà kò sì pọ̀: àyè tí gbogbo wọn gbà kò ju ìdá 5 lọ nínú ọgọ́rùn-ún àyè tí ó wà nínú kèrékèré.

Àìsí ẹ̀jẹ̀ yìí ni gbòǹgbò ìṣòro náà. Bí ọ̀bẹ bá gé ọwọ́, ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé ohun tí ara yóò fi di ojú ọgbẹ́ wá. Bí egungun bá kán, àwọn oníṣègùn tí ń to egungun mọ̀ pé bí a bá ti tò ó kí ó dọ́gba, tí a sì fi igi pẹlẹbẹ dì í, yóò so pọ̀ fúnra rẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú egungun. Kèrékèré kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kéré níye, wọ́n jìnnà sí ara wọn, wọn kò sì lè rìn dé ibi tí ó jẹ. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1743, William Hunter, oníṣègùn ará Scotland tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ti ṣàlàyé fún ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ níbẹ̀ pé kèrékèré tí ó bá ti bàjẹ́ kì í padà bọ̀ sípò.

Òótọ́ ni pé bí ihò náà bá jìn dé egungun tí ó wà nísàlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a jáde, àpá a sì bo ojú ibẹ̀. Àwọn oníṣègùn òyìnbó tilẹ̀ máa ń mọ̀ọ́mọ̀ lu ihò wẹ́wẹ́ sí egungun nítorí èyí. Ṣùgbọ́n àpá ni àpá ń jẹ́. Kò yọ̀ bíi ti ìpilẹ̀ṣẹ̀, kò lè gba ìwúwo bíi tirẹ̀, kì í sì í pẹ́ kí ó tó tún jẹ.

3. Bí nánò ti kéré tó, àti ìdí tí kíkéré rẹ̀ fi ṣe pàtàkì

Bí a bá pín mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ni nánómítà. Fọ́nrán irun orí kan nípọn tó nǹkan bí 80,000 nánómítà. Ní ọdún 1959 ni Richard Feynman, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé àyè gbòòrò wà fún ẹni tí ó bá lè fi ọwọ́ kan ohun tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1974, Norio Taniguchi ará Japan ni ó kọ́kọ́ pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é lónìí. Ohun tí a sì ń pè ní èròjà nánò ni ohun èlò tí ó kéré ju 100 nánómítà lọ, ó kéré tán ní ìhà kan lára rẹ̀.

Kí ni èyí ní í ṣe pẹ̀lú orúnkún? Fọ́nrán kọ́lájíìnì tí ó hun kèrékèré pọ̀ kò nípọn ju nǹkan bí 20 sí 100 nánómítà lọ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ìwọ̀n tí sẹ́ẹ̀lì kèrékèré mọ̀ nìyẹn. Inú irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀ ni a bí i sí. Sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ tóbi ju 10,000 nánómítà lọ. Bí a bá gbé e lé orí fọ́nrán tí ó nípọn jù ú lọ, ńṣe ni yóò nà gbalaja sí i lára bí alángbá lára ògiri. Bí ó bá sì ti nà bẹ́ẹ̀, ìwà rẹ̀ a yí padà: kò ní í pèsè èròjà kèrékèré gidi mọ́, èròjà àpá ni yóò máa pèsè. Ṣùgbọ́n bí fọ́nrán náà bá tín-ín-rín tó ti kọ́lájíìnì, sẹ́ẹ̀lì a dúró roboto bí ó ti yẹ, a sì máa ṣe iṣẹ́ tí a mọ̀ ọ́n mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí apẹja etí ọ̀sà. Kò sí ẹni tí í fi àwọ̀n ẹja ńlá pa edé. Ohun tí a ń wá ni ó ń sọ bí ojú àwọ̀n yóò ti fẹ̀ tó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fi ń wá ìwòsàn kèrékèré ti nípọn jù. Ohun tí ìmọ̀ nánò mú wá ni agbára láti hun àwọ̀n tí ó bá ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì mu.

4. Bí a ṣe ń hun àwọ̀n náà

Oríṣiríṣi ni ohun tí a lè fi hun ún, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú èyí tí a ti yẹ̀ wò jùlọ ni káítósáànì. Ara káítíìnì ni a ti ń rí i. Henri Braconnot ará Faransé ni ó kọ́kọ́ rí káítíìnì, nínú olú, ní ọdún 1811. Ní ọdún 1823 ni Auguste Odier rí i lára kòkòrò, tí ó sì fún un ní orúkọ. Lẹ́yìn èyí ni ó hàn pé òun náà ni ó wà nínú ìkarahun akàn àti èèpo edé. Ní ọdún 1859, Charles Rouget ṣe àwárí pé bí a bá se káítíìnì nínú omi tí ó ta bíi ti eérú, yóò yí padà di ohun mìíràn tí ó lè yòrò. Ohun mìíràn yìí ni káítósáànì.

Ohun mẹ́ta pàtàkì ni ó para pọ̀ di ìkarahun akàn: káítíìnì, purotéènì, àti èròjà líle irú èyí tí ó wà nínú ìkarahun ìgbín. Bí a bá fọ ìkarahun náà mọ́, tí a gún un kúnná, a ó kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú ásíìdì kí èròjà líle náà lè yòrò kúrò. Lẹ́yìn náà a ó fi omi sódà fọ purotéènì dànù. Èyí tí ó bá ṣẹ́ kù ni káítíìnì. Bí a bá sì tún se èyí nínú omi sódà tí ó le gan-an, káítósáànì ni yóò dà. Ẹni tí ó bá mọ bí a ṣe ń fi omi eérú ṣe ọṣẹ dúdú yóò rí i pé ìbátan ni iṣẹ́ méjèèjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti káítósáànì ń fẹ́ ìwọ̀n tí ó péye.

Káítósáànì a máa yòrò nínú ásíìdì tí kò le, irú èyí tí ó wà nínú ọtí kíkan. Omi rẹ̀ yìí ni a ń rọ sínú abẹ́rẹ́ oníhò. A ó wá so iná mànàmáná tí agbára rẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹnu abẹ́rẹ́ náà. Iná yìí a fa ẹ̀kán omi náà, a sì nà án títí yóò fi di fọ́nrán gbígbẹ tí ojú kò lè rí, bí ìgbà tí ìyá arúgbó ń ran òwú, ṣùgbọ́n tí ó tín-ín-rín ju òwú lọ lọ́nà tí kò ṣeé fi wé. Nítorí káítósáànì nìkan kì í fẹ́ fà dáadáa, a sábà máa ń fi èròjà mìíràn lù ú. Àwọn fọ́nrán náà a wá kó jọ lé orí ara wọn di àwọ̀n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Ìdí méjì ni káítósáànì fi yẹ fún iṣẹ́ yìí. Èkíní, ó jọ àwọn èròjà tí ń fa omi mọ́ra nínú kèrékèré. Èkejì, ara lè jẹ ẹ́ tán díẹ̀díẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí kì í ṣe pé a fẹ́ kí àwọ̀n náà wà nínú orúnkún títí ayé. Bíi igi tí àgbẹ̀ rì sí ẹ̀gbẹ́ ebè kí ìtàkùn iṣu lè gùn ún ni: nígbà tí iṣu bá ta tán, iṣẹ́ igi ti parí.

5. Ohun tí a ti ṣe rí, àti ohun tí ó kọ́ni

Ní ọdún 1994, Mats Brittberg, Lars Peterson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ìlú Gothenburg ní orílẹ̀-èdè Sweden kéde iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún aláìsàn 23. Wọ́n bu díẹ̀ nínú kèrékèré aláìsàn fúnra rẹ̀, wọ́n mú kí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ pọ̀ sí i nínú àwo, wọ́n sì dá a padà sínú ihò tí ó wà ní orúnkún. Iṣẹ́ yìí fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì kèrékèré lè tún ìgbésí ayé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó kù ni ilé tí yóò máa gbé.

Ní ọdún 1997, Charles Vacanti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi sẹ́ẹ̀lì kèrékèré màlúù sínú àwọ̀n tí wọ́n ṣe bí etí ọmọdé, wọ́n sì gbé e sí ẹ̀yìn eku. Etí kèrékèré hù níbẹ̀. Àwòrán eku yìí tàn ká gbogbo ayé, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé ìwòsàn ti dé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn eku kì í gbé ìwúwo. Orúnkún ni ó ń gbé e.

Ní ọdún 2013, àbájáde ìwádìí kan tí a ṣe lára aláìsàn 80 jáde. A lu ihò wẹ́wẹ́ sí egungun gbogbo wọn, ṣùgbọ́n a fi oògùn káítósáànì kan, BST-CarGel, dí ojú ibẹ̀ fún àwọn kan. Káítósáànì yìí kò sí ní ìrísí fọ́nrán nánò, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, ihò àwọn tí wọ́n lo káítósáànì kún dáadáa ju ti àwọn yòókù lọ, ohun tí ó sì kún un jọ kèrékèré jù. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ gidi kò sí nínú ìrora àwọn ìhà méjèèjì: ara tu gbogbo wọn. Ohun tí ó dára lójú ẹ̀rọ ayàwòrán kò túmọ̀ sí pé ó ti yàtọ̀ lára aláìsàn.

Ní ọdún 2015, ní Gothenburg kan náà, Paul Gatenholm àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo fọ́nrán nánò sẹ́lúlóòsì, tí í ṣe èròjà ara igi, pẹ̀lú èròjà ewéko inú òkun. Wọ́n pò ó mọ́ sẹ́ẹ̀lì kèrékèré ènìyàn, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ jáde. Lẹ́yìn ọjọ́ 7, ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀lì náà ni ó wà láàyè. Ní ọdún 2024, Samuel Stupp àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Northwestern kéde pé àwọn ti fi èròjà tí ó ń di fọ́nrán nánò sí oríkèé ẹsẹ̀ àgùntàn, àti pé láàárín oṣù 6, kèrékèré tí ó sàn ju àpá lọ ti hù níbẹ̀. Àgùntàn sún mọ́ ènìyàn ju eku lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí oríkèé rẹ̀ ń gbé ìwúwo, kèrékèré rẹ̀ kì í sì í tètè hù. Ṣùgbọ́n àgùntàn kì í ṣe ènìyàn.

6. Ohun tí ó wà nílẹ̀ ní agbègbè yìí

Ohun méjì tí a dárúkọ lókè, ìkarahun akàn àti ara igi, kò sí èyí tí a ní láti rà wá láti òkè òkun. Láti Abigi dé Ìwòpin, àti ní àwọn ìletò tí ó kọjú sí ọ̀sà Lẹ́kí, akàn àti edé jẹ́ ara ohun tí àwọn apẹja ń rí kó. Ẹran rẹ̀ ni a ń jẹ. Ìkarahun a lọ sí ààtàn. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí a ti mọ̀ fún òwò gẹdú láti ọjọ́ pípẹ́, sísun ni a ń sun ọ̀pọ̀ lẹ́búlẹ́bú igi. Ní Ìwòpin fúnra rẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ ti kọ́ ilé-iṣẹ́ tí yóò máa fi igi ṣe ìwé. Sẹ́lúlóòsì tí ó ń di ìwé náà ni ó ń di fọ́nrán nánò.

Ìmọ̀ náà kò sì jìnnà jù. Láti ọdún 1982 ni Ìpínlẹ̀ Ògùn ti dá yunifásítì rẹ̀ sílẹ̀ sí Àgọ́-Ìwòyè, èyí tí a yí orúkọ rẹ̀ padà sí Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní ọdún 2001. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Ṣágámù. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Yunifásítì Ladoke Akintola, Agbaje Lateef àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi omi èèpo kòkó, ti obì gbànja, àti òwú aláǹtakùn ṣe èròjà nánò fàdákà tí ó ń pa kòkòrò àrùn. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ orúnkún, ṣùgbọ́n ó fi hàn kedere pé ohun tí àgbẹ̀ Yorùbá ń dà nù lè di èròjà nánò ní ọwọ́ onímọ̀ Yorùbá, nínú yàrá ìwádìí tí ó wà nílé.

7. Ààlà tí a kò gbọdọ̀ fojú fò

Ibi tí ìrètí bá wà ni ẹlẹ́tàn ń ta ọjà sí. Nítorí náà ó yẹ kí a sọ ohun mẹ́ta láìfi bò.

Lọ́nà kìíní, ihò kékeré ni àwọ̀n nánò lè dí: irú èyí tí ó bá agbábọ́ọ̀lù tàbí ọ̀dọ́ tí ó ṣubú lórí alùpùpù. Orúnkún àgbà tí gbogbo kèrékèré rẹ̀ ti jẹ tán, tí egungun ń ha egungun, kì í ṣe ihò. Odindi ilé ni ó wó. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìtọ́jú tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ lónìí ni eré ìdárayá tí ń fún iṣan itan lágbára, dídín ìwúwo ara kù, oògùn ìrora lábẹ́ ìtọ́ni dókítà, àti pípààrọ̀ oríkèé nígbà tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn.

Lọ́nà kejì, ìkarahun tí a gún ní odó kì í ṣe oògùn orúnkún. Ìdọ̀tí kòkòrò àrùn tí ó kù sínú káítósáànì lè mú kí oríkèé wú kí ó sì kẹ̀. Fífọ̀ ọ́ mọ́ dé ìwọ̀n tí ó yẹ fún ara ènìyàn ṣòro ju ṣíṣe é lọ. Jíjẹ ìkarahun náà, tàbí fífi í pa orúnkún, kò lè mú kí kèrékèré hù.

Lọ́nà kẹta, kíkéré èròjà nánò ni agbára rẹ̀, òun náà sì ni ewu rẹ̀. Ohun tí ó lè wọ ibi tí ohun ńlá kò lè wọ̀ lè ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́ níbẹ̀. Fàdákà tí ń pa kòkòrò àrùn lè pa sẹ́ẹ̀lì kèrékèré bí ó bá pọ̀ jù. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ fi gbọdọ̀ ti inú àwo dé ara ẹranko kí ó tó dé ara ènìyàn. Ìlànà orílẹ̀-èdè Nàìjíríà lórí ìwádìí ìlera, tí ó jáde ní ọdún 2007, là á kalẹ̀ pé a gbọdọ̀ ṣàlàyé ìwádìí fún ẹni tí a fẹ́ ṣe é lára kí ó tó gbà. Bí a bá wá fẹ́ ṣàlàyé àwọ̀n nánò fún ìyá alákàn kan ní etí ọ̀sà, èdè tí ó gbọ́ ni a ó fi ṣàlàyé rẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ tí ó yè kooro tó wà fún un ní Yorùbá, ìgbà tí ó bá gbà kò tíì jẹ́ ìgbà ní ti òdodo.

8. Àgbálọgbábọ̀

Àlàyé tí a ti ṣe fi hàn pé àìsí ẹ̀jẹ̀ ni kì í jẹ́ kí kèrékèré tún ara rẹ̀ ṣe. Pé àwọ̀n tí ó bá ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì mu lè ràn án lọ́wọ́. Àti pé ohun tí a lè fi hun irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀ wà ní ààtàn etí ọ̀sà àti ní ìdí ayùn. Láti ààtàn dé inú orúnkún, ọ̀nà náà jìn. Ẹni tí ó bá sọ pé kò jìn ń tan aláìsàn jẹ. Ẹni tí ó bá sì tìtorí jíjìn rẹ̀ jókòó sílé yóò máa ra káítósáànì lọ́wọ́ àwọn tí ó dìde.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ yẹ kì í ṣe iṣẹ́ abẹ. Ó yẹ kí a mọ iye ènìyàn tí orúnkún ń dà láàmú láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Ìwòpin. Ó yẹ kí a mọ bí káítósáànì inú akàn ọ̀sà yìí ti pọ̀ tó àti bí ó ti mọ́ tó. Ó sì yẹ kí a fún àwọn ohun wọ̀nyí ní orúkọ tí ará ilé lè pè. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ jẹ́ ti oníṣègùn, èkejì jẹ́ ti onímọ̀ kẹ́mísírì, ẹ̀kẹta sì jẹ́ ti àwọn tí ń kọ́ni ní èdè. Kò sí èyí tí ó ju agbára ilé lọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.